Bí òwú ṣe ń di ẹtù nínú ìkòkò aró

Ara ẹyẹ ẹtù ni aṣọ ẹtù ti jogún àwọ̀: dúdú mìnìjọ̀, pẹ̀lú funfun wínníwínní káàkiri. Ẹni tó bá wo ìyẹ́ ẹyẹ yẹn dáadáa yóò rí i pé ibi tó funfun kì í ṣe ibi tí wọ́n kun ní ẹfun, ibi tí àwọ̀ dúdú kò dé ni. Bí aláró ṣe ń ṣe òwú náà nìyẹn. Ìkòkò kan ṣoṣo ló ń bí òwú dúdú àti èyí tó mọ́ bí ojú ọ̀run, tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn fi ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí aṣọ. Iye ìgbà tí wọ́n rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀.

Gígún ewé ẹ̀lú, ṣíṣù ú, sísá a, sísẹ́ omi eérú, dídé ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan: ẹ jẹ́ ká fò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó ń bíni nínú ni ti àwọn tó gbà pé bí òwú bá ṣe pẹ́ nínú aró tó ni yóò ṣe dúdú tó. Wọ́n á ní kí aláró kàn rẹ ẹ́ sílẹ̀ lálẹ́, kó lọ sùn. Irọ́ ni. Bó bá pẹ́ jù, àwọ̀ tó ti mú tẹ́lẹ̀ gan-an lè ṣí.

Ìdí ni pé aró kì í yòrò nínú omi, ohun tí kò bá sì yòrò kò lè wọ inú òwú. Àlejò tó wọ agbádá ńlá ni, ẹnu ọ̀nà sì tóóró. Àfi kó bọ́ agbádá kó tó lè wọlé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí aró kan nínú ìkòkò ló ń bá a bọ́ ọ: wọ́n á lo ọ́síjìn inú omi náà tán, wọ́n á sọ aró di ohun tó ń yòrò nínú omi eérú. Ojú ìkòkò á ṣì dúdú, á máa hó, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ á ti di àwọ̀ ewé tó fara pẹ́ ìyeyè. Aláró tó gbọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, kó tó ki òwú sí i.

Ẹ wá wo ìgbà tó bá fa òwú jáde. Kò dúdú rárá! Àwọ̀ ewé ni. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, etí ìdì òwú á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á di aró lójú ẹni. Àlejò ti gbé agbádá rẹ̀ wọ̀ nínú ilé nìyẹn, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde mọ́. Kí ilé tó kún, ọ̀wọ́ àlejò mìíràn gbọ́dọ̀ tún dé: ẹ rì í, ẹ fà á jáde, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn, ẹ tún rì í. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ mọ́jú nínú ìkòkò ńkọ́? Àwọn tó ti wọlé á tún bọ́ agbádá, àwọn mìíràn á sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá ní 1897, ewé nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ aláró. Títí dòní, òwú jíìnsì ní ilé iṣẹ́ ńlá ṣì ń wọ aró, ó ń jáde gba atẹ́gùn, ó tún ń wọ̀ ọ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé aró kò so mọ́ òwú. Ó kàn há síbẹ̀ ni, èyí tó bá sì jókòó sí ìta á ra mọ́ ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Oníbàárà á ní ayédèrú aró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Aró ewé ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti ilé iṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aláró tí kò fọ òwú títí omi fi mọ́ kó tó gbé e fún ahunṣọ ni kí wọ́n bá wí.