Owó Àsomọ́ àti Owó Àìsomọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Olóore Mọ̀ Kó Tó Tọwọ́ Bàpò

Ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ló ti ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó àsomọ́ rí. Òun ni owó tí ẹni tó mú un wá ti sọ ohun kan pàtó tí ẹgbẹ́ aláàánú gbọ́dọ̀ fi ṣe: ẹ fi ra oògùn, ẹ fi gbẹ́ kànga, ẹ fi san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́wàá. Owó àìsomọ́ ni èyí tí olóore kò dè mọ́ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ lè ná an sí ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ì báà jẹ́ owó ilé tàbí owó iná. Lẹ́nu àwọn oníṣirò owó ní Abuja, restricted àti unrestricted ni ẹ óò máa gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ran ilé ọmọ aláìlóbìí ní Kuje lọ́wọ́, tàbí ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ ní Karu, ìyàtọ̀ yìí ni kó kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ló sábà máa ń pinnu bóyá ẹgbẹ́ náà yóò rí ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, owó ilé kíkọ́ jẹ́ àsomọ́, ọrẹ ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ àìsomọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, sàárà kò ní ìdè, ṣùgbọ́n a so sàká. Ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ bá tó iye gíráàmù 85 wúrà, tó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti wù ú ni yóò fún. Al-Qur'ān, Sūra Tawbah ẹsẹ 60, ka ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ẹ wo ẹ̀kẹta nínú wọn: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sàká náà. Owó tí a so le tó báyìí, a yọ ti òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Kano àti Sokoto, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ní àjọ tó ń gba sàká tó sì ń pín in, èyí kì í ṣe ohun ìtìjú fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ nígbà tó bá kan ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò, ọ̀pọ̀ olóore ni yóò sọ pé, "A ò fẹ́ kí owó wa wọ owó oṣù ẹnikẹ́ni o. Oúnjẹ àwọn ọmọ ni kí ẹ fi rà tán." Ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò.

Ká ní ẹgbẹ́ kan wà ní Nyanya tó ń kọ́ ọmọ 40 ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, tó sì ń bọ́ wọn kí wọ́n tó relé. Ìrọ̀lẹ́ 13 ni yóò jẹ́ lóṣù. Ká fi oúnjẹ ọmọ kan sí ₦500: ₦260,000 nìyẹn. Owó yàrá, ₦60,000. Olùkọ́ méjì tí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, ₦50,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé, bírò àti ṣọ́ọ̀kì, ₦30,000. Gáàsì àti omi, ₦25,000. Owó ọkọ̀, dátà, ohun tí báǹkì ń yọ, àti èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ de ẹni tí yóò yẹ ìwé owó wọn wò lópin ọdún, ₦45,000. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦520,000. Àpẹẹrẹ la fi iye wọ̀nyí ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìdajì péré ni oúnjẹ.

Olóore kan mú ₦500,000 wá, ó ní oúnjẹ nìkan. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ná ₦260,000 níbẹ̀, ó ku ₦240,000. Ṣùgbọ́n ₦260,000 kejì, ìyẹn ti yàrá, ti olùkọ́, ti gáàsì, kò ní ẹni tó gbé e. Bí ẹlòmíràn kò bá dìde, onílé yóò ti ilẹ̀kùn, olùkọ́ yóò wábi gbà lọ, ₦240,000 yóò sì jókòó sínú àkáǹtì láìsí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Ìrẹsì wà, iná tí a ó fi sè é kò sí. Ká ní olóore yẹn pín owó rẹ̀ sí méjì ni, kó so ìdajì mọ́ oúnjẹ, kó tú ìdajì sílẹ̀, ₦20,000 péré ni ì bá kù kí gbogbo oṣù náà pé.

Níbi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù lọ nìyí. Alábòójútó tí onílé ń lé kiri yóò wo ₦240,000 yẹn, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká yá a, a ó dá a padà tí owó mìíràn bá wọlé." Owó mìíràn yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà yóò ti ní ohun tí a so ó mọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, olóore béèrè ìròyìn, kò sí oúnjẹ, kò sí owó, a sì ń pe ẹni tí kò jí kọ́bọ̀ ní olè. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju lẹ́tà kan lọ: kó kọ̀wé sí olóore, kó sọ iye tó kù, kó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, kó má sì ná an títí èsì yóò fi dé ní kíkọ sílẹ̀. Nínú ìwé owó, kí owó àsomọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Àkáǹtì báǹkì kan lè gba gbogbo wọn, àmọ́ bí a bá ro iye tó kù lójú ewé wọ̀nyẹn pọ̀, kò gbọdọ̀ ju ohun tó wà ní báǹkì lọ. Bó bá jù ú lọ, ẹnì kan ti ná owó onídè sí ibòmíràn.

Ọjà pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀bùn àsomọ́, okùn tirẹ̀ tilẹ̀ kúrú ju ti owó lọ. Oṣù Kejìlá àti àsìkò ààwẹ̀ Ramadan ni àpò ìrẹsì máa ń rọ́ wọlé. Ká ní ọmọ kan ń jẹ gíráàmù 75 ìrẹsì tí a kò tíì sè lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ 40 yóò jẹ kílò mẹ́ta. Àpò oníkílò 50 kan yóò tó wọn jẹ nígbà 16, ìyẹn ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àpò mẹ́wàá á lé ní ọdún kan. Kòkòrò kì í dúró di ọdún kan. Bí ẹ bá ti kó o wá, kí wọ́n gbé e sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó wọlé sára àpò, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé sì kọ́kọ́ jáde. Ọ̀nà kan wà tó dára ju kíkó o jọ lọ: ẹ sanwó àpò mẹ́wàá fún oníṣòwò tí ẹ mọ̀ lọ́jà, kí ẹgbẹ́ máa gbé ẹyọ kan bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti ń tán. Iye àpò ni kí ẹ kọ sínú rìsíìtì, ẹ má kọ iye náírà nìkan, kí owó ọjà tó gbówó lórí má baà sọ mẹ́wàá di méje.

Oògùn gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lórí oògùn ìtọrẹ ni pé ó yẹ kó ṣì ku ọdún kan ó kéré tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá nígbà tó bá dé orílẹ̀-èdè àwọn tí a fún. Oògùn tó ṣẹ́kù nílé lẹ́yìn àìsàn, ẹ má kó o lọ. Wàrà alágolo tí a ń pò fún ọmọ ìkókó náà, ẹ má kàn gbé e lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Níbi tí omi kò bá ti mọ́, tí kò sì sí ohun tí a ó fi se ìgò, ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀ lé e. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ni kí ẹ fún lóúnjẹ.

Ó wá ku iṣẹ́ ọwọ́, tí a sábà máa ń pè ní ọ̀fẹ́. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ, òun ló ń pọn omi, òun ló sì ń fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé pe irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yìí ní gayya, ẹni tó pè é náà kì í sì í kó ọwọ́ lẹ́rán. Bí ènìyàn 15 bá fẹ́ wá kun kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé, ta ló ra ọ̀dà? Búrọ́ọ̀ṣì mélòó ló wà? Ta ni yóò dúró tì wọ́n? Bí ẹgbẹ́ bá ní láti yọ ₦80,000 nínú owó àìsomọ́ rẹ̀ kí a tó lè ràn án lọ́wọ́, ó ti jẹ gbèsè nítorí wa. Ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ yẹ kó gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ dání, tàbí kó fi owó irinṣẹ́ lé iṣẹ́ náà.

Ìmọ̀ iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ju kíkun ògiri lọ. Oníṣirò owó tó bá fún ẹgbẹ́ kan ní wákàtí mẹ́rin lóṣù, tó ń bá wọn to ojú ewé owó àsomọ́ wọ̀nyẹn, ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn agùnbánirọ̀ náà wà, tí wọ́n ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ àdúgbò tí à ń pè ní CDS. Wọ́n wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n ń lò. Kí ẹni tó ń lọ kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ kó tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń bọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ohun kan tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: àgbà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá, bó ti wù kí a mọ ìwà ẹni náà tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 fi bí ìdè owó ṣe le tó hàn. Ní oṣù Kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, USAID, àjọ tó ń bá ìjọba náà pín ìrànlọ́wọ́ yẹn, ti kógbá sílé. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé inú àdéhùn irú owó bẹ́ẹ̀ nìkan ni gbogbo owó rẹ̀ wà, kò ní ohun tí yóò fi san owó ilé oṣù kan bí àdéhùn bá já. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, láti ọdún 2020 ni MacKenzie Scott, obìnrin ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ń fún àwọn ẹgbẹ́ ní owó ńláńlá láìso ó mọ́ nǹkan kan. A kò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ₦5,000 lóṣù lọ́wọ́ ènìyàn 50 nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Kubwa, ₦250,000 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ohun tí kì í ṣe oúnjẹ nínú àpẹẹrẹ wa lókè yìí.

Ẹnikẹ́ni kò ní tú owó sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí kò mọ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà. Kò gba owó. Incorporated Trustees ni irú ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ ń wá, lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Òfin yẹn ní kí wọ́n fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Bí ẹ bá rí i pé INACTIVE ni CAC kọ sí wọn lára, ẹ béèrè ìdí. Òfin CAMA tún ní kí wọ́n má pín owó ẹgbẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè, àmọ́ ó gbà kí a san owó iṣẹ́ tó bójú mu. Ẹ béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìmọ́. Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹgbẹ́ gan-an ni kó wà lórí àkáǹtì báǹkì, kó má jẹ́ orúkọ ẹnì kan, kó sì jẹ́ pé ènìyàn méjì ló ń buwọ́ lu owó kó tó jáde.

Bí gbogbo èyí bá ti dá yín lójú, ohun tí ẹ fẹ́ kí a fi owó ṣe gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́, torí ohun tí a fẹnu sọ ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ kì í dé ojú ewé owó. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí sí ibi àlàyé tó wà lórí áàpù báǹkì, ẹ sì fi lẹ́tà kúkúrú tì í. Ẹ má gbàgbé láti sọ ohun tí a ó fi ìyókù ṣe, torí gbólóhùn yẹn ni kì í jẹ́ kí owó kú sínú àkáǹtì. Báyìí ni ẹ lè kọ ọ́:

"Mo fi ₦200,000 yìí ran ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ₦100,000 ra oúnjẹ àwọn ọmọ. ₦100,000 kejì, n kò so ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ ná an síbi tí iṣẹ́ náà bá ti nílò rẹ̀. Bí owó oúnjẹ bá ṣẹ́kù lópin sáà, ẹ dà á pọ̀ mọ́ èyí tí n kò so, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."