Ìbò Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú kì í ṣe ogún ẹgbẹ́ kankan

"Ẹgbẹ́ Awo ló ni ibí yìí, ọmọ mi. Bí mo jáde, bí mi ò jáde, àwọn náà ló máa mú un."

Ìyá tí mo máa ń ra gààrí lọ́wọ́ wọn ní Ìsarà ló sọ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí kóńgò. Káàdì ìdìbò wọn wà nínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ tábìlì, òun àti káàdì àjọ. Wọ́n yọ ọ́ hàn mí. Ó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta 2023, tí a dìbò gómìnà àti ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ìdí agbada gààrí ni wọ́n wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, nínú ọkọ̀, nílé onídìrí, ọ̀rọ̀ yìí kan náà lẹ máa gbọ́: ẹgbẹ́ kan ló ń wọlé níbí láti ayébáyé. Ó ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí èèyàn dáadáa jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò o. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí Awólọ́wọ̀ ní 1909. Action Group, tí àwọn àgbà ń pè ní ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ, ló fi di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1979, UPN rẹ̀ kó gbogbo àga 36 tó wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan, Bísí Ọnàbánjọ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sì di gómìnà. Wọ́n tún yàn án ní 1983 kí àwọn ológun tó gbàjọba lópin ọdún náà. Àwọn tó tẹ̀ka nígbà yẹn ti di òbí àti òbí àgbà, ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ fọ́mọ.

Ṣùgbọ́n nígbà ayé Awo fúnra rẹ̀ pàápàá, ọmọ Rẹ́mọ kò fi gbogbo ara sùn sápá kan. Adélékè Adédoyin, ọmọ ọba láti Ṣágámù, NCNC alákùkọ, ẹgbẹ́ tó ń bá Action Group du ipò, ló fi wọ Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951, láti ìlú Èkó, òun àti Azikiwe. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bọ́ sí Action Group. Òun ló wà lórí àga olórí ilé ní oṣù Karùn-ún 1962, lọ́jọ́ tí àwọn aṣòfin ń ju àga mọ́ra wọn ní Ìbàdàn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo láti 1999 wá. Àga sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Ògùn ni màá fi díwọ̀n, torí òun ló kó ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sójú kan. Olábíyìí Dúrójayé ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, AD, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Awo, ló gbé e wọlé. Ní 2003, PDP alábùradà gbà á fún Tòkunbọ̀ Ògúnbánjọ, ó tún mú un ní 2007 pẹ̀lú Lékan Mustapha. ACN, tó tẹ̀lé ipa AD, gbà á padà ní 2011, Gbénga Kaka ló wọlé. Ní 2015, PDP tún gbà á, Bùrújì Kashamu ló lọ. APC, tí ACN ti wọ inú rẹ̀, ló mú un ní 2019 àti ní 2023. Ẹ̀ẹ̀meje la dìbò sí àga yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹgbẹ́ alábùradà gbé e lọ.

Ti 2015 yẹn ni kí ẹ bá mi dúró wò dáadáa. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta, ẹnì kan náà, lórí ìlà kan náà, ló gba ìwé ìdìbò ààrẹ àti ti sẹ́nétọ̀. Buhari ti APC ló mú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tí APC fà kalẹ̀ fún sẹ́nétọ̀ lọ́dọ̀ wa ni Dàpọ̀ Abíọ́dún, ọmọ Ìperu, ìlú tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ gan-an. Kashamu ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó nà án. Fún Ilé Aṣojú-ṣòfin, Ìkẹ́nnẹ́, Ṣágámù àti Àríwá Rẹ́mọ pawọ́ pọ̀, wọ́n rán Ládi Adébùtù lọ sí Àbújá lábẹ́ PDP. Ìyẹn ni pé ẹkùn tí ilé Awo wà nínú rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹgbẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Amósùn ti APC tún wọlé gómìnà. Ẹni bá ní ojú kan làwọn èèyàn wa ń kọ sí, kó wá túmọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn fún mi.

Mi ò ní fi òdodo pamọ́: kì í ṣe gbogbo ìyípadà yìí ló mọ́. Ní 2003, iye ìbò tí wọ́n kéde pé Ọbásanjọ́ ní nínú ìpínlẹ̀ wa jẹ́ 1,360,170. Gbogbo ìbò gómìnà tí wọ́n dì lọ́jọ́ kan náà, ní àwọn ibùdó kan náà, jẹ́ 747,296. Ibi tí èèyàn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù gbà tí wọn ò fi tẹ̀ka fún gómìnà, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ tó yé mi. Nítorí náà, mi ò lè fi ọdún yẹn nìkan jẹ́rìí.

Àwọn kan á ní ìjà ilé ló jẹ́ kí PDP pàdánù ipò gómìnà ní 2011. Lóòótọ́, ìjà wà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 26 pín sí méjì, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (G15) àti àwọn mọ́kànlá (G11), Gbénga Daniel tó jẹ́ gómìnà sì kúrò lẹ́yìn ẹni tí PDP fà kalẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn Gbóyèga Ìsíákà ti PPN. Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀: Olúrìn ti PDP ní 188,698, Ìsíákà ní 137,051. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 325,749. Amósùn ti ACN nìkan ní 377,487. Bí wọn ò bá tilẹ̀ jà, iye yẹn kò tó.

Ta tilẹ̀ ni ẹgbẹ́ Awo lónìí? Lékan Mustapha tó lọ sí Sẹ́nétì lábẹ́ PDP ní 2007 ni Lékan Mustapha tó tún lọ lábẹ́ APC ní 2019. Gbénga Daniel, ọmọ Ṣágámù, fi PDP ṣe gómìnà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi APC di sẹ́nétọ̀ ní 2023. Lọ́dún 2023 kan náà, àwọn méjì tó wà níwájú fún gómìnà, Abíọ́dún ti APC àti Adébùtù ti PDP, ọmọ Ìperu làwọn méjèèjì. 276,298 sí 262,383. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó 14,000 nínú gbogbo ìpínlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá onígààrí mọ̀ jù lọ rèé. Àga 36 ti 1979 ti di 26. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní 11 nínú rẹ̀: Ṣágámù ní méjì, Àríwá Ìjẹ̀bú ní méjì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó kù. Nínú ìkànìyàn 2006, Àríwá Rẹ́mọ, tí Ìsarà jẹ́ olú rẹ̀, ní nǹkan bí 60,000 èèyàn, àga kan. Adó-Odò/Ọ̀tà ní ju 520,000 lọ, àga méjì péré. Òfin ilẹ̀ wa ní kí iye èèyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ra, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn. Ní Ọ̀tà, èèyàn tó lé ní 260,000 ló ń pín aṣòfin kan lò. Ní Ìsarà, 60,000. Káàdì Ìyá yìí wúwo ju ti ẹni tó ń gbé Ọ̀tà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì wà nínú agolo mílíìkì.

Mo ṣí ibi tí INEC kó àwọn ìwé èsì sí lórí fóònù mi, a wá yúnìtì wọn kàn. Mo fẹ ìwé náà lójú títí ó fi hàn dáadáa. Mo fi iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ hàn wọ́n lókè, mo fi iye àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà hàn wọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n nu ìyẹ̀fun gààrí kúrò lọ́wọ́, wọ́n fi ìka tẹ ti òkè.

"Mo wà nínú eléyìí." Wọ́n gbé ìka sọ̀ kalẹ̀. "Mi ò sí nínú eléyìí."