Bí Ọ̀nà BRT Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Láti Mile 12 dé CMS

Ẹni tó bá ti gba Ọ̀nà Ìkòròdú l'Ékòó kọjá ṣáájú ọdún 2008, kí BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì èrò tó ní ọ̀nà tirẹ̀, tó dé, mọ ohun tí à ń pè ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ìdájí kùtù ni ará Kétu tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina ti máa ń wà ní ibùdókọ̀. Mólúè á dé, á ti kún, kọ́ńdọ́ á so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, á máa lọgun pé, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Bí òjò bá wá ṣú, kó tiẹ̀ tó rọ̀, owó ọkọ̀ á ti gbẹ́nu sókè.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò gbìyànjú rí. Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Metroline ní 1983. Ìjọba ológun wọ́gi lé e ní 1985, lẹ́yìn tí owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ti wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní, torí èrò Èkó ò dúró de ẹnì kankan.

Ní 2002, nígbà ìjọba Bọ́lá Tinúbú, òfin dá LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà l'Ékòó, sílẹ̀, Báńkì Àgbáyé sì yá wọn ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ro ọ̀rọ̀ títì àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò pọ̀ lójú kan, èyí tó ti wà lọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú wọn wá lọ sí Ọ̀nà Ìkòròdú.

Lójú tèmi, ibi tí ọgbọ́n wọn ti hàn jù ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ onímọ́tò, NURTW. Ta ló fẹ́ ya ojú títì sọ́tọ̀ l'Ékòó tí NURTW ò ní fọwọ́ sí i, tí ọ̀nà náà ò ní di gáréèjì kó tó dọ̀la? Ní 2006, wọ́n kó àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí ìlú Bogotá, Curitiba àti Santiago ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹgbẹ́ náà dá àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n yáwó ní báńkì, wọ́n ra bọ́ọ̀sì Ashok Leyland 100. Àwọn tí ì bá dí ọ̀nà náà pa ló wá ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Owó tó wà nílẹ̀ ò lè kọ́ irú ti Bogotá. Èyí tí agbára ká ni wọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní BRT-Lite, ìyẹn BRT tó fúyẹ́. Wọn ò wó ilé rẹpẹtẹ láti fẹ ọ̀nà. Ara títì tó wà níbẹ̀ náà ni wọ́n ti gé e. Kóńkéré gbọọrọ ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ga tó pé dáńfò ò lè kàn gùn ún kọjá. Bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà ni kóńkéré yìí yà sọ́tọ̀. Níbòmíì, ọ̀dà lásán ni wọ́n fi sàmì sí i, ní orí afárá sì rèé, gbogbo ọkọ̀ ló jọ ń gbà á.

Oṣù 15 péré ni wọ́n fi parí ohun gbogbo. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, 2008, lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná kìlómítà 22 náà, láti Mile 12 gba Ọjọ́ta, Maryland àti Fádèyí dé CMS ní Erékùṣù Èkó. 100 náírà ni owó ọkọ̀ nígbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Láìpẹ́, èrò bí 200,000 ló ń wọ̀ ọ́ lóòjọ́. Èèyàn tó ti ń fìgbọ̀nwọ́ ja ìjà àtiwọ mólúè wá ń tò lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ àtíbàbà, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

Àmọ́ Mile 12 ni gbogbo rẹ̀ parí sí, bẹ́ẹ̀ Ìkòròdú gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀. Ó lé lọ́dún méje tí wọ́n fi ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Mile 12, tí wọ́n tún ń wá dáńfò tí yóò gbé wọn délé, kó tó di oṣù Kọkànlá 2015 tí Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé ṣí kìlómítà 13.5 tó kù, tí ọ̀nà náà fi dé ìlú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.