Àyẹ̀wò ilé ṣáájú rírà ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Àyẹ̀wò ilé ṣáájú rírà ni yíyẹ tí ẹnjiníà, tàbí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ dáadáa, máa ń yẹ ilé wò látòkè délẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á tó sanwó. Ní Èkó, ó yàtọ̀ sí "ìnsípẹ́kṣọ̀n" tí àwọn ajẹ́ńtì ń gba owó rẹ̀. Ìyẹn kò ju kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, kí ó wo yàrá àti ilé ìdáná, kí ó sì máa lọ. Ó tún yàtọ̀ sí yíyẹ ìwé ilẹ̀ wò ní Alausa, tí í ṣe iṣẹ́ lọ́yà àti sọfiyọ̀.

Ipò rẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni àyẹ̀wò ilé. Láti 1976 ni ASHI, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ ilé wò, ti wà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ sì ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é. Ní Britain, àwọn ọmọ RICS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀, ló sábà ń ṣe é, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ń rà ló máa ń wá ẹni tí yóò ṣe é fún un, ẹni tó sì yẹ kó wá ni ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, máa ń fún ilé tó bá parí ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ ní gbígbé. Ó dára kí olùrà béèrè ìwé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní in.

Ilẹ̀, ògiri àti kankéré

Ilẹ̀ ni ẹnjiníà máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Ilẹ̀ pupa tó ṣe é gbé ilé lé ló pọ̀ ní Ìkẹjà àti Agége. Ní Lekki, Ajah àti Ìwáyà, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ àbàtà tí wọ́n fi iyanrìn dí. Ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tó kún fún ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà lè wà lábẹ́ iyanrìn náà, a sì máa fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ilé ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ilé bá rì déédéé, ewu rẹ̀ kò pọ̀ púpọ̀. Bí apá kan bá rì ju èkejì lọ ni ògiri ń sán, tí ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò wo fẹ́ǹsì àti ilé àwọn aládùúgbò pẹ̀lú.

Sísán kò jọra. Èyí tó tín-ín-rín bí irun orí, tó kàn tàn kálẹ̀ lójú ògiri tí wọ́n rẹ́, sábà máa ń wá láti inú símẹ́ńtì tó yára gbẹ. Èyí tó ń gun búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tàbí tó dagun láti igun fèrèsé, lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n Britain kan tí àwọn ẹnjiníà ń lò káàkiri, èyí tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ ṣe é dí kí a sì kùn ún lọ́dà. Èyí tó ju 25 lọ lè gba kí a wó apá ibẹ̀ kọ́. Ìbéèrè tó tún ṣe pàtàkì ni bóyá ó ṣì ń fẹ̀ sí i. Láti mọ̀, ẹnjiníà lè fi POP lẹ ojú ibẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí POP náà bá ti sán, ilé ṣì ń rìn nìyẹn. Ògiri kan ṣoṣo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn láàárín àwọn ògbólógbòó náà yẹ fún ìbéèrè.

Òpó, bíìmù àti dẹ́kìn ló gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ró, nítorí náà ó tọ́ kí àyẹ̀wò pẹ́ níbẹ̀. Irin inú kankéré tó bá dógùn-ún máa ń wú, a sì ti kankéré tó bò ó mọ́lẹ̀ jáde. Iyọ̀ a máa mú èyí yá, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fi iyanrìn òkun tàbí omi oníyọ̀ po símẹ́ńtì. Òòlù Schmidt, tí a ń tì mọ́ ojú kankéré kí ó lè ta padà, ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe le tó, ṣùgbọ́n kò tó láti fi ṣèdájọ́ fúnra rẹ̀. Bí iyèméjì bá wà, a máa ń gbẹ́ díẹ̀ nínú kankéré lọ sí ilé àyẹ̀wò, irú èyí tí ìjọba Èkó ní.

Ó tún yẹ kí a ka iye àjà ilé, kí a sì fi wé pláànì tí ìjọba fọwọ́ sí. Nígbà tí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní 1 Oṣù Kọkànlá 2021, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 40, ọ̀gá LASBCA nígbà náà sọ pé àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n igbákejì gómìnà sọ pé 21 ni.

Omi àti òrùlé

Ìgbà òjò ló dára jù láti yẹ ilé wò. Ọ̀rinrin tó ń ti ilẹ̀ gòkè kì í sábà kọjá bíi mítà kan lára ògiri, ó sì máa ń fi iyọ̀ funfun sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti sílíìnì ló ti bẹ̀rẹ̀, páànù tàbí páìpù ni kí a yẹ̀ wò. Ẹnjiníà yóò fi nǹkan ṣóńṣó gún igi òrùlé, nítorí ikán lè jẹ inú rẹ̀ tán kí ara rẹ̀ ṣì máa dán. Bí omi boòhólù bá yí sí pupa lẹ́yìn tó ti dúró nínú korobá, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀. A máa ń fẹ́ kí boòhólù jìnnà sí sọ́kàwéè ní mítà 30, ohun tó ṣòro lórí pílọ́ọ̀tì kan ní Èkó.

Iná mànàmáná

Wáyà, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) àti gbèsè orí mítà ni a ń yẹ̀ wò níbí. Alẹkitiríṣíànì ló ni iṣẹ́ náà.

Ìwé àbájáde

Àyẹ̀wò ilé oníyàrá mẹ́ta lè gba wákàtí méjì sí mẹ́rin. Ẹnjiníà kì í fọ́ ògiri tàbí hú táìlì láìgba àyè lọ́wọ́ onílé, nítorí náà ohun tó bá wà lábẹ́ German floor, ìyẹn kankéré tí wọ́n dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé, lè pamọ́ fún un. Ìwé tí yóò kọ máa ń ní àwòrán, àwọn àléébù àti èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Ìwé yìí wúlò gan-an fún àwọn tó ń rà láti London tàbí Houston, tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí nìkan ni ojú wọn nílé. Bí àléébù bá pọ̀, olùrà lè fi ìwé náà dúnàádúrà, tàbí kí ó fi ilé sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.