Kì Í Ṣe Fífún Okùn Mọ́ Orí Ló Ń Mú VR Rọrùn

Ọmọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù gèèmù mi ní Lágeré, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó dé VR sójú, ẹ̀rọ tí à ń dé bí awò láti rí ayé inú gèèmù yí wa ká, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó bọ́ ọ, fóòmù rẹ̀ ti tẹ iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú bí ojú òǹtẹ̀, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀bátí rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò há a. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe yẹ kó há náà nìyẹn. Bí kò bá há, kò ní dúró, kò sì ní hàn kedere."

Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ọgbà yunifásítì wá ń sọ ọ́, àwọn tó ń ti Mọ́dákẹ́kẹ́ wá ń sọ ọ́, àwọn tó ra tiwọn sílé pàápàá ń sọ ọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti fọwọ́ ara mi fa okùn yẹn le mọ́ orí ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n gbé orí fífọ́ lọ sílé, wọ́n sì rò pé bí VR ṣe máa ń ṣeni nìyẹn. Ó ṣì ń dùn mí, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹni tó là mí lójú kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Màmá tó ń ta iṣu níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ni. Wọ́n ń wò mí lọ́jọ́ kan bí mo ṣe ń fa okùn náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tó o fi ń so nǹkan yẹn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú bí ẹni so ẹrù mọ́ ọ̀kadà? Ṣé kò ní òṣùká ni?"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹrù."

Wọ́n ní, "Kí ló wá ń ṣe lórí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ wo bí obìnrin ṣe ń ru igi ìdáná bọ̀ láti oko. Á kọ́kọ́ ká aṣọ tàbí ewé ní òṣùká, á gbé e sí àtàrí, á wá ibi tí àárín ìdì igi náà gbé wà, ibẹ̀ ni á gbé lé òṣùká. Bí ìdì náà bá ń tẹ̀ síwájú, á tì í sẹ́yìn díẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí igi rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú tó wá fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Ohun tí à ń ṣe sí VR gan-an nìyẹn.

Quest 3, ẹ̀rọ VR ilé iṣẹ́ Meta tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọn gíráàmù 515. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ẹ gbé ọ̀rá omi kan lé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àtàrí, á fi sáré dé Ẹnuwá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rá kan náà kọ́ iwájú ojú rẹ̀, kí ẹ wá wo bí ọrùn rẹ̀ á ṣe rí kí wákàtí kan tó pé. Omi náà ni, ibi tí wọ́n gbé e sí ló yàtọ̀.

Orí èèyàn fúnra rẹ̀ ń lọ bíi kílò mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún. Ibi tó ti jókòó lé egungun ọrùn wà láàárín etí méjèèjì, iwájú sì wúwo ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ ti rí i nínú ọkọ̀ Ìbàdàn: bí oorun bá gbé ẹnìkan lọ lórí ìjókòó, àgbọ̀n rẹ̀ á máa já lu àyà. Bí a bá lajú, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ló ń fà á dúró láìsinmi. Ìwúwo tí a bá tún fi kọ́ iwájú, iṣan yẹn kan náà la gbé e fún. Ẹ wá sọ fún mi, kí ni fífún okùn fẹ́ ṣe sí i? Kò dín ìwúwo kù, kò sì sún un kúrò níbi tó wà. Ó kàn ń tẹ fóòmù mọ́ ojú kí nǹkan náà má baà yọ̀ wálẹ̀ ni. Iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí ló ń san gbèsè náà. Ẹ̀yin ìyá wa mọ èyí dáadáa nídìí gèlè: gèlè tí wọ́n wé tó fún jù, kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé, ẹni tó wé e ti ń wá kọ̀rọ̀ tó ti máa tú u.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti wá kò ṣòro láti rí. Nígbà tí ẹ̀rọ VR Oculus Rift àkọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn tó ń kọ gèèmù ní ọdún 2013, okùn rẹ̀ dà bíi ti awò tí àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín máa ń dé, tàbí bíi ti awò àwọn wẹ́dà wa nídìí iná. Awò wẹ́dà fúyẹ́, nítorí náà rọ́bà kan tó yí orí ká ti tó o. Okùn rírọ̀ tó ń bá Quest 3 àti Quest 2 tó ṣáájú rẹ̀ wá nínú páálí ṣì jọ ọ́. Ẹni tó bá rí i á kàn ṣe é bó ṣe ń ṣe awò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn pé "kò ní hàn kedere" kì í ṣe irọ́ pátápátá, ẹ má jẹ́ ká fi ojú kéré rẹ̀. Lẹ́ǹsì VR ní ojú kan tí àwòrán ti ń hàn jù. Bí ẹyinjú bá kúrò ní ọ̀gangan ibẹ̀, lẹ́tà á ṣú. Lẹ́ǹsì Quest 2 kò fẹ̀ ní ojú yẹn rárá. Ti Quest 3 sàn jù ú lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àwòrán á bàjẹ́, èèyàn á tún un gbé sókè, á wá fa okùn le kó má baà yọ̀ mọ́. Àwòrán á mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ gbígbé tó gbé e sókè ló mọ́ ọn, kì í ṣe fífún tó fún un. Iṣẹ́ okùn tó gba àtàrí kọjá ni kó gbé e sókè, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kàn. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àlàfo àárín lẹ́ǹsì méjèèjì ni kò bá ti ẹyinjú mu. Quest 2 ní ojú mẹ́ta péré tí ẹ lè sún un sí, mìlímítà 58, 63 àti 68; Quest 3 ní nǹkan róbótó kékeré kan lábẹ́ tí ẹ fi ń yí i. Kò sí okùn tó lè wo ìyẹn sàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìgbàgbọ́ kejì ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ bí ìbejì: pé ohun tó bá fúyẹ́ jù ló máa rọrùn jù. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ pé kí òun fi bátìrì kọ́ ẹ̀yìn okùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní gíráàmù 400 wà ní sẹ̀ǹtímítà 12 sí iwájú ibi tí orí ti jókòó lé ọrùn. Bí ẹ bá so gíráàmù 200 mọ́ ẹ̀yìn, tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ náà, gbogbo ẹrù á di 600 lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára tó ń fa orí síwájú á dín sí ìdajì. Jáńgirọ́fà ni. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí náà ti mọ̀. PlayStation VR tí Sony gbé jáde ní ọdún 2016 wọn gíráàmù 610, ó wúwo ju 503 ti Quest 2 lọ, síbẹ̀ òrùka líle tó jókòó sí iwájú orí bí adé ló gbé e ró, ojú rẹ̀ kàn rọ̀ sílẹ̀ níwájú ẹyinjú ni. Ti Apple Vision Pro tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó wà láàárín gíráàmù 600 sí 650. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2025 wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó 750 sí 800, nítorí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi irin tungsten sínú okùn ẹ̀yìn kó lè bá iwájú dọ́gba, wọ́n sì fi okùn míì gba orí kọjá. Ilé iṣẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ náà ló lọ wá òṣùká.

Mi ò sọ pé kí ẹ kó irin lé orí o. Ìwúwo ẹ̀yìn náà ń lọ sí ọrùn, nínú gèèmù tí ẹ ti ń yí orí kíákíá ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Kí ẹ tó náwó, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn okùn, ẹ fi wo fíìmù. Bí ara bá tù yín, ẹ lè wá ra èyí tó ní bátìrì lẹ́yìn.

Nípa rírà okùn, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò: kó ní okùn tó gba àtàrí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ kó sì jìn díẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tó gbá ìpàkọ́ mú, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè ṣí sókè. Èyí tí kò bá ní ti àtàrí, bó ti wù kó dán tó, mi ò ní gbà yín níyànjú láti rà á. Bí ibi tó ń lẹ̀ mọ́ra bí èèmọ́ bá ti kú, ẹ má jù ú nù. Àwọn tó ń rán bàtà á pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹni tó di ṣùkú ní tirẹ̀ kò lè lo ẹ̀yìn tó gùn sókè, nítorí á máa ti ìdí irun náà ni. Ó yẹ kó wá èyí tó là ní àárín, tàbí kó jẹ́ kí okùn gba abẹ́ irun. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, mi ò ní dé e fún un, Meta náà kò sì fi àyè gba ọmọ tó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin yẹn padà. Mo tú gbogbo okùn náà tó fi dẹ̀, mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà lé ojú. Mo fa ẹ̀yìn okùn wálẹ̀ kọjá egungun tó yọ sókè ní ìpàkọ́, mo jẹ́ kó jókòó sí abẹ́ rẹ̀, nítorí bó bá wà lókè egungun yẹn, á máa yọ̀ bọ̀ sókè ṣáá ni. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ti àtàrí díẹ̀díẹ̀, mo ní kó máa ka ọ̀rọ̀ tó ń rí, kó sọ fún mi bó bá ti mọ́. Nígbà tó ní ó mọ́, mo dúró. Ti ẹ̀gbẹ́ ni mo fà kẹ́yìn, ìka mi kan ṣì ń ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó wo ilẹ̀, kó wo òkè, kó mi orí. Kò yẹ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ wá okùn náà lẹ́yìn orí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti so ó?"