Wọ́n fòfin de ràkúnmí, wọ́n fi epo sílẹ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1935, ó di èèwọ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta orílẹ̀-èdè láti ta ràkúnmí fún Ítálì, nítorí ogun tó gbé lọ bá Etiópíà. Ẹṣin wà nínú èèwọ̀ náà, ìbaaka wà níbẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Rọ́bà wà níbẹ̀. Alumíníọ́mù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ítálì fúnra rẹ̀ ń ṣe alumíníọ́mù tó tó o lò, tó sì tún ń ṣẹ́kù. Èèyàn lè ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó má rí epo. Epo ni ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Mussolini, olórí ìjọba Ítálì, sì ń mu, òun ni bàálù tó ń ju bọ́ǹbù sórí àwọn ará Etiópíà fi ń fò.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀mejì mọ bí ìfìyàjẹ ọrọ̀ ajé ṣe ń rí. Orílẹ̀-èdè kan gbógun ti òmíràn, àwọn tó kù ní àwọn kò ní tà fún un mọ́, àwọn kò ní rà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti owó rẹ̀ pa sí báńkì. Kò sí ohun tó ṣòro láti lóye nínú ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni inú yàrá tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọjà tí òfin máa mú. Kí ẹnikẹ́ni tó jìyà rárá, inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń pinnu bóyá nǹkan náà máa mú tàbí kò ní mú.

Àwọn ọmọ ogun Ítálì gba Ẹritíríà wọ Etiópíà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1935. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè (League of Nations, ẹgbẹ́ tó wà kí àjọ UN tó dé) fi sọ pé Ítálì ti dalẹ̀. Ká sọ tòótọ́, wọ́n sáré. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìdínlógún jókòó sí Geneva láti ṣètò ohun tí wọ́n máa ṣe, òfin kan ni wọ́n sì fi ṣe atọ́nà: ọjà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni púpọ̀ nínú rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fòfin dè. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí a bá kọ̀ láti ta ohun tí ará ìta náà ń tà, ará ìta á kówó jẹ, ẹni tí à ń fìyà jẹ á sì rí ọjà rẹ̀ rà. Amẹ́ríkà kò wọ Ìmùlẹ̀ rí, Jámánì ti kẹ́rù jáde. Amẹ́ríkà ló lépo jù, nítorí náà epo yọ kúrò nínú ìwé. Èédú yọ. Òkúta tí wọ́n ń yọ irin lára rẹ̀ wà nínú ìwé, irin tí wọ́n ti yọ́ tán kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan bọ́gbọ́n mu nígbà tí wọ́n dá a. Ìgbà tí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ ló di ràkúnmí.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọjà. Ká ní bàbá kan ń lu ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní àlùbami, tí àwọn ìyálọ́jà wá pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ tajà fún un títí yóò fi ṣíwọ́. Wọ́n jókòó láti ṣètò rẹ̀. Ìyá eléwé ní òun fara mọ́ ọn. Ìyá aláta ní kò burú, nítorí bàbá náà kì í jẹ ata. Wọ́n dé orí gàrí, ilé pa rọ́rọ́. Gàrí ni bàbá yìí ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta èyí tó pọ̀ jù kò sí nínú ẹgbẹ́, ìta ọjà ló pàtẹ sí, kò sì san owó ẹgbẹ́ rí. Wọ́n ní bí àwọn ò bá tà, obìnrin yẹn á tà, á sì bu owó lé e. Ìyá kan rántí pé bàbá náà jẹ òun ní gbèsè. Òmíràn ní jàgùdà kan tó burú jù ú lọ ti ń dàgbà ní òpópónà kejì, pé bàbá yìí ni wọ́n máa nílò lọ́jọ́ tí ìyẹn bá dé, kí wọ́n má mú un bínú jù. Nígbà tí ìpàdé tú, ewé àti ata ni wọ́n kọ̀ láti tà. Bàbá náà lọ ra gàrí rẹ̀ níta. Nígbà tó ń lọ lu ọmọ náà, àárín ọjà ló tún gbà kọjá, ó san owó ibodè, wọ́n sì fún un ní ṣéńjì.

Jàgùdà òpópónà kejì ni Hitler, olórí Jámánì, tí Bìrìtéènì àti Faransé ń rò pé Mussolini á bá àwọn kojú. Owó ibodè yẹn sì kì í ṣe àbùmọ́. Ọ̀nà omi Suez wà lábẹ́ ìṣọ́ àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ Ítálì ń gbà kó ọmọ ogun àti ìbọn kọjá lọ sí Etiópíà, wọ́n ń sanwó, wọ́n ń kọjá. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ ní Geneva pé ó ṣeé ṣe kí àwọn fi epo kún un láìpẹ́. Mussolini fèsì pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan epo, ogun dé. Nínú oṣù kejìlá, Hoare, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Bìrìtéènì, àti Laval ti Faransé jọ wéwèé ní bòókẹ́lẹ́ láti gé apá tó tóbi nínú Etiópíà fún Ítálì. Ìwé ìròyìn Faransé tú àṣírí wọn, ariwo ta, Hoare sì fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, tó pé oṣù kan géérégé tí òfin ràkúnmí bẹ̀rẹ̀, Ayaba Elena bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ní Róòmù, ó fi ta ìjọba lọ́rẹ. Àìmọye obìnrin tò tẹ̀ lé e, wọ́n mú wúrà lọ, wọ́n gba òrùka irin bọ̀. Ìyà tí kò tó láti dá ìjọba dúró ti tó láti mú inú àwọn ará ìlú ru, wọ́n wá dúró ti ìjọba náà.

Ojú wa kò ṣàì rí irú èyí nílé. Nígbà ogun Kírìjì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ má baà ti etíkun dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti 1877 títí di 1893 ni ogun náà fi jà. Àwọn tó dí ọ̀nà náà kò rí ọjà tà, débi pé ọ̀rọ̀ náà dìjà láàárín Ìjẹ̀bú fúnra wọn, Awùjalẹ̀ Fidipọ̀tẹ̀ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Bí ìjíròrò bá dé ibí yìí, ẹnì kan máa ń nàró, á ní: “Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ wo Ítálì, ẹ wo Ìráàkì, ẹ wo Rọ́ṣíà.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ń múni bínú. Ó dà bí ẹni tó lọ jókòó sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tó rí aláìsàn nìkan, tó wá sọ pé kò sí ẹni tí ara rẹ̀ dá nílùú. Ẹni tí ìhàlẹ̀ bá dá lọ́wọ́ kọ́ kì í jagun, nítorí náà kì í sí ìyà, ìwé ìtàn kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ìfìyàjẹ tí a bá rí lójú, èyí tí ìhàlẹ̀ rẹ̀ ti kùnà ni.

Ta ló ń dárúkọ Gíríìsì? Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1925, ìbọn dún ní ibodè Gíríìsì àti Bọ̀lùgéríà (ìtàn kan ní ajá tó sá kọjá ààlà ló dá a sílẹ̀, kò yé mi bí ajá ṣe ń gba gbogbo ẹ̀bi). Àwọn ọmọ ogun Gíríìsì wọ Bọ̀lùgéríà. Ìmùlẹ̀ ní kí wọ́n jáde. Abala 16 nínú àdéhùn Ìmùlẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gé òwò kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó bá gbógun láìtọ́, Gíríìsì sì jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé oúnjẹ wá fún. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu àwọn alágbára kò, kò sí ẹni tó ń ta gàrí níta. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Gíríìsì fi jáde, lẹ́yìn náà wọ́n san 45,000 pọ́n-ùn owó gbà-má-bínú.

Suez tún yọjú ní 1956. Nasser, ààrẹ Íjíbítì, gba ọ̀nà omi náà fún Íjíbítì nínú oṣù keje, nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, Ísírẹ́lì, Bìrìtéènì àti Faransé kọlu Íjíbítì. Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, kò yìnbọn kankan. Àwọn èèyàn ń ta pọ́n-ùn dànù, Bìrìtéènì nílò owó lọ́dọ̀ àjọ owó àgbáyé IMF, Amẹ́ríkà sì ní àwọn kò ní tì í lẹ́yìn àyàfi tí ìbọn bá dákẹ́. Wọn kò fún un lépo pẹ̀lú. Macmillan, mínísítà ìnáwó tó ti ń pariwo pé kí wọ́n jà, òun náà ló padà wá sọ pé owó ń tán lọ. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ni àwọn ọmọ ogun wọn balẹ̀ sí Íjíbítì. Ọjọ́ 6 ni wọ́n dá ogun dúró. Kọ́dún Kérésì tó dé, wọ́n ti kúrò.

Ọ̀rẹ́ ni irú ìyà yìí ń mú jù. Ọ̀tá ti gbé ìyà sínú ìṣirò rẹ̀ kó tó jáde nílé, ọ̀rẹ́ kò rò ó rárá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò dá Bìrìtéènì lọ́wọ́ kọ́, ó dá a padà ni, nítorí Eden, olórí ìjọba wọn, rò pé Amẹ́ríkà kò ní lè ṣe é. Ká ní wọ́n fi ẹgba náà hàn án ní kedere nínú oṣù kẹjọ ńkọ́?

Ìṣòro tó wà nídìí fífi ẹgba hàn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kí Rọ́ṣíà tó wọ Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti ń kìlọ̀ fún un láti oṣù mélòó kan. Putin, ààrẹ Rọ́ṣíà, ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn tó gba Crimea lọ́wọ́ Ukraine ní 2014, kò pa á. Ó ti to ohun tó lé ní 600 bílíọ̀nù dọ́là pamọ́ de ọjọ́ ìpọ́njú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti nǹkan bí 300 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ pa, nítorí ọ̀dọ̀ wọn náà ló kó o pamọ́ sí. Lavrov, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀, sọ lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tó lè ronú pé wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tó le jù lọ wà nínú àpò, olè kò rí i kó tó fo ògiri. Bí wọ́n bá sì ti fi hàn án ṣáájú, ó máa kó owó rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, oògùn á di omi lásán. Ohun tó bá hàn á tètè bà jẹ́, ohun tó bá pamọ́ kò sì lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Èmi kò tíì rí ìjọba tó tú kókó yìí. Ọ̀rọ̀ epo tún yọjú níbí náà: oṣù kejìlá 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó dá epo rọ̀bì Rọ́ṣíà tó ń gba orí òkun wọlé dúró, nígbà tí Íńdíà àti Ṣáínà ti ń gbé e ní ẹ̀dínwó.

Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣáà ti gé epo lójú ẹsẹ̀. Amẹ́ríkà ṣe é fún Jàpáánì nínú oṣù kẹjọ ọdún 1941, nítorí ogun tó ń jà ní Ṣáínà àti bó ṣe ń wọ Indochina, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé nígbà náà. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo Jàpáánì ló ń ti Amẹ́ríkà wá. Ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un ni kó kó ẹrù kúrò ní Ṣáínà, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ sì ka ìyẹn sí ikú ẹ̀sín. Ojoojúmọ́ ni epo inú àgbá ń lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà.

Addis Ababa bọ́ sọ́wọ́ Ítálì ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1936. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, Haile Selassie, ọba Etiópíà, dìde níwájú Ìmùlẹ̀ ní Geneva, àwọn oníròyìn Ítálì ń súfèé sí i, ó sì ṣàlàyé bí gáàsì olóró ṣe ń rọ̀ láti inú bàálù sórí èèyàn àti ẹran ọ̀sìn. Paul Schmidt, ògbufọ̀ Hitler, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mussolini sọ fún Hitler ní 1938 pé ká ní Ìmùlẹ̀ fi epo kún un ni, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni òun ì bá ti sá kúrò ní Etiópíà. Ó lè jẹ́ àsọdùn, nítorí obìnrin ìta ọjà ṣì wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò ní láti ronú lé e mọ́ ṣáá. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1936, wọ́n gbé òfin náà kúrò, ẹni tó bá ní ràkúnmí sì lè tà á fún Ítálì padà.