Score Kì í Ṣe Góòlù

Mo ti wí i títí, ẹnu fẹ́ bó: ẹ má fi fóònù túmọ̀ ìwé òkú àgbà. Lóṣù tó kọjá, ọmọ olóòkú kan gbé ìwé ètò ìsìnkú wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ni." Ohun tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni pé Bàbá lo three score and eighteen years láyé. Fóònù ní: "Bàbá gbá góòlù mẹ́ta àti ọdún méjìdínlógún." Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ni wọ́n ti tẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé ògbufọ̀ wà ládùúgbò.

Ogún ni score níbí: ogún mẹ́ta àti méjìdínlógún, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Bàbá. Ìyẹn ò le. Bí ogún ṣe di score ló dùn mọ́ mi, mi ò sì ní yára kúrò níbẹ̀.

Ẹnu àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti àríwá Yúróòpù tó ya wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Skor ni wọ́n ń pè é: ojú ọ̀bẹ tí a gé sára igi. Ẹni tó ń ka àgùntàn á ka ogún, á gé ojú kan sára ọ̀pá, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Ibẹ̀ náà ni score inú eré ìdárayá ti ṣẹ̀. Ara igi ni wọ́n ti ń gé àmì krikẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Gbèsè ilé ọtí náà, ara igi ni.

Ìjọba gan-an, igi ni ìwé owó wọn. Richard FitzNeal, akápò ọba, ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1179. Ojú ọ̀bẹ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ti ọgọ́rùn-ún tó àtàǹpàkò, ti ogún tó ìka tó kéré jù lọ́wọ́. Pọ́n-ùn kan ò ju kóró ọkà báálì tó wú lọ. Wọ́n á wá la igi náà sí méjì, olówó á mú apá kan, onígbèsè á mú èkejì. Lọ́jọ́ ìsanwó, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa ṣe ayédèrú ìyẹn!

Ọdún 1826 ni wọ́n pa á tì. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1834, wọ́n ní kí wọ́n sun igi tó kù, ẹrù kẹ̀kẹ́ méjì gbáko, nínú ààrò tó wà lábẹ́ Ilé Aṣòfin Àgbà ní Westminster. Àwọn àlejò tó wá wòran lọ́sàn-án ní ilẹ̀ ń ta àwọn lẹ́sẹ̀ nínú bàtà. Èéfín ò jẹ́ kí wọ́n rí aṣọ ara ògiri. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ igi kúrò nínú iná. Tó fi máa di òru, ilé aṣòfin méjèèjì ti jó.

Ẹnìkan á tún pè mí, á ní ọ̀dọ̀ wa ni òyìnbó ti jí i, nítorí ogún la fi ń ka ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ẹ jọ̀wọ́. Faransé náà ń pe ọgọ́rin ní ogún mẹ́rin, kò sì yà ní Àgbádárìgì kó tó mọ̀ ọ́n. Ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ ta ni kò pé ogún?

Àwọn wòlíì tó ń gbowó àdúrà lọ́wọ́ ẹni àádọ́rin ọdún ló tún burú jù. Wọ́n ní three score and ten inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ní àṣírí. Àṣírí wo? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá bá a nínú Sáàmù 90, wọ́n kọ àádọ́rin, ó parí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá nìyẹn.

Tí ìwé ìròyìn bá sì kọ scores, tó ní s nídìí, ẹ má ka ogún fún mi o. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni.

Ìwé olóòkú yẹn ńkọ́? Bébà pélébé la tẹ àtúnṣe sí, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí di aago méjì òru. Ìyá àgbà kan ló jókòó ti èyí tó ti parí. Tó bá ka ogún, á fi ẹyọ ìṣáná kan sílẹ̀. Ogún mìíràn, ìṣáná mìíràn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo bá nílẹ̀ láàárọ̀.